Mọ́tò tó ń fò fúnra rẹ̀: ta ni yóò gbé láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnú?

Kò sí oṣù kan tí irú fídíò yìí kì í gba orí fóònù àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Mọ́tò kan á gbéra nílẹ̀ láàárín ìlú, kò sẹ́ni tó ń wà á, á fò kọjá lórí àwọn tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, á sì rọra bà sórí òrùlé ilé gíga kan. Ẹni tó fi ránṣẹ́ á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó ti dé Ṣáínà, ó ti dé Dubai, àwa ló kàn." Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn zém, ọ̀kadà akérò wa, rí láti ọjà Wàǹdó lọ sí Kútọnú ní aago méje àárọ̀, tí èéfín ọkọ̀ àjàgbé ń bù lù ú lójú, kò ní ṣàì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Òótọ́ sì wà nínú àwọn fídíò náà lóòótọ́. Ìpolówó ilé iṣẹ́ tó ń wá owó ni àwọn mìíràn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló yà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ inú wọn kò tíì kúrò nílẹ̀ rí.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ ènìyàn lójú ni pé ohun mẹ́ta tí kò bára tan ni wọ́n ń pò pọ̀.

Èkíní ni mọ́tò gidi tó ní ìyẹ́, tó ń rìn ní títì, tó sì ń fò. Ó wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2021, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní AirCar fò láti ìlú Nitra lọ sí Bratislava ní orílẹ̀-èdè Slovakia, ìṣẹ́jú 35 ló gbà á. Nígbà tó balẹ̀, ó ká ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì gba títì wọ ìlú lọ. Ẹ́ńjìnnì BMW tó ń mu bẹntiróò ló wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba ibẹ̀ fún un ní ìwé pé ó yẹ ní fífò. Ṣùgbọ́n bíi bàálù yòówù, ó nílò pápá tí yóò ti sáré kó tó gbéra, ó sì nílò awakọ̀ òfúrufú tó ní ìwé àṣẹ. Kò lè gbéra ní Wàǹdó láéláé. Èrò náà ti pẹ́ pẹ̀lú. Glenn Curtiss ti gbé irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1917; Moulton Taylor fò tirẹ̀, Aerocar, ní ọdún 1949, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1956. Síbẹ̀, iye tí wọ́n ṣe kò pé mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Mọ́tò tó dára gbọ́dọ̀ wúwo kó lè di ilẹ̀ mú, kí irin rẹ̀ sì le kó lè gba ẹni inú rẹ̀ là bí nǹkan bá kọ lù ú. Bàálù tó dára gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀, mọ́tò tí kò dáa tó àti bàálù tí kò dáa tó ni yóò rí gbà, yóò sì san owó méjèèjì.

Ìkejì kì í ṣe mọ́tò rárá, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré ni, tí bátìrì ń gbé, tó ní abẹ̀bẹ̀ púpọ̀, tó ń gbéra lóòró láìsáré kankan, tó sì ń balẹ̀ lóòró. Tákísì òfúrufú ni kí á kúkú máa pè é. Àwọn ilé iṣẹ́ Joby àti Archer ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ti Joby ní abẹ̀bẹ̀ 6, ó ń gba èrò 4 àti awakọ̀ kan. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: awakọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn bá ní tákísì òfúrufú ń bọ̀ ní Dubai, Joby yìí ni wọ́n ń sọ. Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n bá àjọ tó ń bójú tó títì àti ìrìnnà níbẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún 6, ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì ni yóò máa wà á.

Ìkẹta ni èyí tí kò ní awakọ̀, òun gan-an sì ni àwọn ènìyàn ń rò lọ́kàn. Èyí tó ti rìn jìnnà jù nínú wọn ni EH216-S tí ilé iṣẹ́ EHang ní ìlú Guangzhou, Ṣáínà, ṣe. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Àga méjì ló wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Apá 8 yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣeé ká sókè nígbà tó bá wà nílẹ̀. Lórí apá kọ̀ọ̀kan ni abẹ̀bẹ̀ 2 wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Bí o bá wọlé, o kò ní rí ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, kò sí ohun tí o máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ojú ìwòran kan ló wà níwájú rẹ, bíi ti fóònù ńlá. Wọ́n ti fa ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò gbà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ kan sì jókòó nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ, tí wọ́n lè pàṣẹ fún un pé kó balẹ̀. Ìwọ ti jókòó ná, kí o so bẹ́líìtì rẹ, kí o máa wo ìta.

Eré rẹ̀ kò ju kìlómítà 130 ní wákàtí kan. Ọ̀nà tó lè rìn kí bátìrì tó tán jẹ́ bíi kìlómítà 30. Ẹrù tó lè gbé, tènìyàn tẹrù, jẹ́ bíi kílò 220. Ìyá ọlọ́jà tó bá gbé àpò gàrí méjì dání ti lé ẹnì kejì sílẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àjọ òfúrufú ti Ṣáínà fọwọ́ sí i pé bí wọ́n ṣe ṣe é tẹ́ àwọn lọ́rùn, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn láyé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní awakọ̀ yóò gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti gbé ènìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n fún ilé iṣẹ́ méjì láṣẹ láti fi gbé èrò tó sanwó, ọ̀kan ní Guangzhou, èkejì ní Hefei. Àwọn tó ń pín fídíò kì í sọ pé ìran wíwò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: èrò á gòkè, á wo ìlú, á sì padà sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ti gbéra. Kò tíì gbé ẹnikẹ́ni lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n gbé wá fò ní Kigali, Rwanda, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, níbi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ òfúrufú Áfíríkà. Àfihàn ni wọ́n fi ìyẹn ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsí awakọ̀ ni apá tó le jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàálù ti ń fò fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1914, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Lawrence Sperry, fò kọjá lórí odò Seine nítòsí Paris, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò di nǹkan kan mú. Ẹ̀rọ tó ṣe ló ń mú bàálù náà dúró gún. Lónìí, bàálù tó ń gbé èrò kúrò ní Kútọnú lọ sí Paris, ẹ̀rọ ló ń darí rẹ̀ lójú ọ̀run fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn àjò náà. Tí a bá wò ó dáadáa, òfúrufú rọrùn fún kọ̀ǹpútà ju títì lọ. Mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀, irú èyí tí Waymo ń fi gbé èrò ní San Francisco, gbọ́dọ̀ mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àpò ọ̀rá, kó sì mọ ẹni tó fẹ́ sọdá yàtọ̀ sí ẹni tó kàn dúró. Ẹ gbé e wá sí ọjà Wàǹdó lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ wo ohun tí yóò fojú rí láàárín àwọn zém tó ń bọ̀ lódì ọ̀nà. Lókè, kò sí ewúrẹ́, kò sí ọmọlanke.

Ọkọ̀ òfúrufú mọ ibi tó wà nípa sátẹ́láìtì, ó ń fi afẹ́fẹ́ wọn bó ṣe ga tó nílẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó tín-ín-rín sì ń sọ fún un bó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni kọ̀ǹpútà lè yí iyára abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan padà, ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí dróònù àwọn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó fi lè dúró síbi kan lójú afẹ́fẹ́ láìmì.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Mọ́tò Waymo tí kò mọ ohun tó kàn mọ́, á dúró sẹ́bàá ọ̀nà, á tan iná, á sì máa retí ìrànlọ́wọ́. Ọkọ̀ tó wà lókè kò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Yálà ó ríran tàbí kò ríran, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu kan, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí bátìrì tó tán.

Bátìrì yìí gan-an wá ni igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tún mọ́tò ṣe ní àdúgbò wa wo fídíò náà tán, ó ní: "Àbúrò, mọ́tò tó bá kú, à ń tì í. Èyí tó bá kú lókè, ta ni yóò tì í?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí àwọn onímọ̀ wọn náà ń bi ara wọn nìyẹn."

Kílò kan bẹntiróò ní agbára tó tó wáàtì-wákàtí 12,000 nínú. Kílò kan bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó dára ní bíi 250. Ká sọ ọ́ bó ṣe máa yé wa ní Àjàṣẹ́ níbí: ohun tó wà nínú ìgò bẹntiróò kpayo lítà kan ṣoṣo tí wọ́n tò sétí títì, bátìrì tó wúwo tó bíi kílò 35 ló lè gbé e. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ń fi èyí tó ju ìdajì agbára rẹ̀ ṣòfò sínú ooru, mọ́tò iná mọ̀nàmọ́ná kì í sì í fi nǹkan ṣòfò bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò, bẹntiróò ṣì fi ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ ju bátìrì lọ. Ohun mìíràn tún wà: bí bẹntiróò ṣe ń tán ni bàálù ń fúyẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì tó ti tán wúwo bíi ti ìgbà tó kún.

Lórí ilẹ̀, èyí kì í ṣe ìṣòro ńlá. Àwọn ọ̀kadà oníná mọ̀nàmọ́ná tí ilé iṣẹ́ Spiro ń kó kiri ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2022 ń ṣiṣẹ́. Bátìrì bá tán, oní-zém á yà sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, á gbé òmíràn, ó di kó máa lọ. Táyà ló ru ẹrù bátìrì náà, ilẹ̀ ló ru táyà. Lókè, abẹ̀bẹ̀ ló ru ohun gbogbo. Ẹni tó gbé garawa omi dání tó sì dúró sójú kan kò rìn, kò sáré, síbẹ̀ apá ń ro ó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó rọ̀ sójú kan lófuurufú ṣe ń jẹ iná láìtíì lọ síbì kankan. Ìdí nìyẹn tí Joby fi fi ìyẹ́ sí tirẹ̀. Á fi abẹ̀bẹ̀ gbéra lóòró, lẹ́yìn náà á yí àwọn abẹ̀bẹ̀ náà síwájú, ìyẹ́ á wá gbà á rù. Bó ṣe ń lọ tó kìlómítà 160 nìyẹn lórí bátìrì, tí EH216-S tí kò ní ìyẹ́ fi dúró sí 30.

Ẹ wá fi kìlómítà 30 yẹn wọn ilẹ̀ wa. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnú, bí ẹyẹ ṣe ń fò, kò tó bẹ́ẹ̀. Ó lè dé. Láti Àjàṣẹ́ dé Sàkẹ́tẹ́ sún mọ́ ọn gan-an, débi pé bátìrì á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kó tó rí ilẹ̀. Pọbẹ̀ ti bọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Kétu, tó jìn tó kìlómítà 96, ẹ má dárúkọ rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì sọ ti èyí tí a gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Òfin òfúrufú kò gba ọkọ̀ kankan láyè láti balẹ̀ pẹ̀lú òfo. Ó gbọ́dọ̀ ní agbára tó ṣẹ́kù, tó lè fi yí ká bí nǹkan bá dí ibi tó fẹ́ bà sí. Nítorí náà, kìlómítà 30 tí a kọ sórí ìwé kì í ṣe 30 lójú ọ̀run. Joby ti fi ọkọ̀ tó ń lo háídrójìn fò tó kìlómítà 841 ní ọdún 2024, ó dára, ṣùgbọ́n ibo ni a ó ti rí háídrójìn rà ní Àjàṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi onímọ́tò ní apá kejì. Bí abẹ̀bẹ̀ kan bá kú ńkọ́? Òun ni wọ́n ṣe fi 16 sí i: bí ọ̀kan bá daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tó kù á gbé e. Èyí dára ju hẹlikọ́pítà tó gbójú lé abẹ̀bẹ̀ ńlá kan lọ. Ṣùgbọ́n hẹlikọ́pítà ní ohun kan tí èyí kò ní: bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé á máa yí abẹ̀bẹ̀ ńlá yẹn, awakọ̀ tó mọṣẹ́ á sì fi rọra balẹ̀. Àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ lára gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, òkúta ni. Àwọn kan ń fi páráṣúùtì sí ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n páráṣúùtì nílò àyè láti ṣí. Ẹni tó bá jábọ́ nígbà tí kò tíì ga ju igi àgbọn lọ, kò ní sí àkókò fún un.

Nítorí èyí, àjọ tó ń bójú tó ààbò òfúrufú ní Yúróòpù sọ pé ọkọ̀ tó bá fẹ́ gbé èrò tó sanwó lórí ìlú gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbùkù tó lè pa gbogbo ẹni inú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú bílíọ̀nù kan wákàtí tí irú rẹ̀ bá fi fò. Bílíọ̀nù kan wákàtí ju ọdún 114,000 lọ. Kò sẹ́ni tó lè fò tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbàṣẹ. Ìṣirò, ìdánwò àti fífọ́ nǹkan lóríṣiríṣi ni wọ́n fi ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ohun tó sì ń jẹ owó àti ọdún nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá wá yọ ènìyàn kúrò nídìí ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kọ̀ǹpútà tó rọ́pò rẹ̀ kò ní ṣìnà.

Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Láyé àtijọ́, hẹlikọ́pítà ń gbé èrò láti orí òrùlé ilé Pan Am láàárín New York lọ sí pápákọ̀ òfúrufú. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1977, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ṣẹ́ lórí òrùlé náà, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó ń yí pa ènìyàn 4 níbẹ̀, ègé rẹ̀ kan jábọ́ sí títì, ó sì pa obìnrin kan tó ń kọjá lọ ní tirẹ̀. Bí iṣẹ́ orí òrùlé yẹn ṣe parí nìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọkọ̀ òfúrufú méjì tí ilé iṣẹ́ XPeng ṣe kọ lu ara wọn ní ìlú Changchun, Ṣáínà, nígbà tí wọ́n ń múra àfihàn sílẹ̀. Àwa náà kò tíì gbàgbé ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003 ní Kútọnú, tí bàálù kan tí wọ́n di ẹrù jù sínú rẹ̀ gbéra, tí kò lè ga, tó sì já sí etí òkun. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kì í ṣe ohun tí a ń dúnàádúrà lé lórí. Oní-zém tó ń gbé èrò mẹ́ta àti ẹrù ńlá lè rọra máa yọ́ lọ. Ọkọ̀ òfúrufú á kọ̀ láti gbéra, tàbí kó ṣe ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká tiẹ̀ ní gbogbo ìyẹn ti yanjú. Ṣé yóò dín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Kútọnú kù? Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi ṣírò. Ká ní wọ́n kọ́ ibùdó kan sí etí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, kí ọkọ̀ kan máa gbéra níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ìyẹn yá jù, nítorí èrò gbọ́dọ̀ sọ̀, òmíràn gbọ́dọ̀ gòkè, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ẹrù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi iná sí bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ogún ọkọ̀ ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ oníjókòó 4, ènìyàn 80 nìyẹn, tí bọ́ọ̀sì ńlá méjì lè kó. Bó bá jẹ́ EH216-S oníjókòó 2, ènìyàn 40. Zém 40 ló ń gbé iye yẹn, ẹ sì lè ka zém 40 síwájú iná kan ṣoṣo kó tó di àwọ̀ ewé. Èyí kò sí lára àléébù tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò tún ṣe lọ́la. Bí ibi tí ọkọ̀ ń bà sí ṣe rí nìyẹn. Ojú irin tí wọ́n tẹ́ nígbà ìjọba Faransé láti Kútọnú gba Àjàṣẹ́ dé Pọbẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, yóò kó ènìyàn ju gbogbo tákísì òfúrufú Dubai lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe. Ọkọ̀ ojú omi tó bá ń gba ọ̀sà lọ sí adágún Nokoué náà yóò jù ú lọ.

Owó ńkọ́? Ní ọdún 2019, Uber fi hẹlikọ́pítà gbé èrò láàárín New York àti pápákọ̀ òfúrufú JFK ní bíi dọ́là 200 fún ẹnì kan. Ìyẹn ju 100,000 fráǹkì CFA lọ. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2023 jẹ́ 52,000. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí mọ̀ pé owó náà ga, ibẹ̀ sì ni ìdí gidi tí wọ́n fi fẹ́ yọ awakọ̀ kúrò wà: nínú ọkọ̀ oníjókòó 5, awakọ̀ ń jókòó lórí owó ẹnì kan, ó tún ń gba owó oṣù lé e.

Ti ariwo, ọ̀rọ̀ náà dára ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí Joby àti NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, wọn ariwo ọkọ̀ Joby, ohun tí ó dé ilẹ̀ nígbà tó ń kọjá lókè ní gíga mítà 500 jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 45, tí ariwo ọjà lásán yóò bò mọ́lẹ̀. Ìgbéra àti ìbalẹ̀ ló kù. Afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ ń tì sísàlẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn páànù òrùlé tó wà láàárín ìlú àtijọ́ Àjàṣẹ́, tí ìṣó wọn ti ń yẹ̀, kò ní fara gbà á. Ẹ tún fi wáyà iná tó kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún sí i. Fún ìdí yìí, etí ọ̀sà ni mo rò pé ó bójú mu, níbi tó jẹ́ pé omi ló wà lábẹ́ ọkọ̀ bó bá jábọ́. Ọyẹ́ tó ń bo ojú ọ̀run ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, àti ìjì tó ń ṣíwájú òjò, á dá a dúró lọ́pọ̀ ọjọ́.

Àwọn tó ń sọ pé àwọn á máa fi fò láti Àjàṣẹ́ lọ sí Èkó láìkọjá ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ìwé àdéhùn òfúrufú tí àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀ ní Chicago ní oṣù kejìlá ọdún 1944 ní ẹsẹ kẹjọ tó sọ ọ́ kedere: ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní awakọ̀ kò gbọdọ̀ fò wọ orí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn láìgba àṣẹ pàtó. Àwọn tó kọ ọ́ nígbà náà ti rí i ṣáájú wa. Ní Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, òfúrufú ní àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀: ASECNA ló ń darí àwọn bàálù lókè, ANAC ni àjọ tó ń fúnni láṣẹ, títí kan dróònù.

Ẹ má rò pé àwọn tó kùnà nínú iṣẹ́ yìí kò gbọ́n. Larry Page, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Google sílẹ̀, fi owó rẹ̀ ti ilé iṣẹ́ Kitty Hawk lẹ́yìn. Wọ́n tì í pa ní 2022. Ilé iṣẹ́ Volocopter ti Jámánì ṣèlérí pé òun yóò gbé èrò nígbà eré Òlíńpíìkì Paris ní 2024, àṣẹ kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó tó di òpin ọdún náà ó ti kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè mọ́. Lilium, ti Jámánì náà, ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Airbus pàápàá, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe bàálù, so iṣẹ́ tákísì òfúrufú tirẹ̀ rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó ní bátìrì kò tíì tó bí òun ṣe fẹ́.

Ohun tó ń fò fúnra rẹ̀ ní Áfíríkà lónìí, tó sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kò gbé ènìyàn. Láti ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Zipline ti ń fi dróònù gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní Rwanda; Gánà tẹ̀ lé e ní 2019, Kaduna ní Nàìjíríà ní 2022. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Nọ́ọ̀sì kan á fi fóònù béèrè ẹ̀jẹ̀ fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Ní ibùdó tó jìn, wọ́n á di àpò ẹ̀jẹ̀ sínú páálí kékeré, wọ́n á fi sínú ikùn dróònù oníyẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rọ kan á sì ta á jáde bíi ọfà. Kò sẹ́ni tó ń wà á. Bó bá dé orí ilé ìwòsàn náà, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á ṣí ikùn rẹ̀, páálí náà á wá sílẹ̀ pẹ̀lú páráṣúùtì ìwé. Dróònù kò ní balẹ̀ níbẹ̀ rárá. Á yí padà sílé. Nítorí náà ilé ìwòsàn kò nílò pápá kankan, àgbàlá tó mọ́ ti tó. Ẹrù rẹ̀ kò pé kílò 2, bó bá sì jábọ́, kò sí èrò nínú rẹ̀. Gbogbo ìṣòro tí mo ti ń kà bọ̀ látòkè ló dín kù lẹ́ẹ̀kan: ìwọ̀n, ewu, ibi ìbalẹ̀, owó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Rwanda, tó jáde ní 2022, rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́ lórí àtẹ ilé ìwòsàn láìlò dín kù ní ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fún wa, ibi tí ojú mi kọ́kọ́ lọ ni àwọn abúlé orí omi ní Aguégués, tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ń dé. Kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n lóru, nígbà tí ìjì bá ń jà lórí omi, ó jìnnà gan-an. Dróònù Zipline ń rìn tó kìlómítà 160 ní àlọ àti àbọ̀. Bí ibùdó bá wà ní Àjàṣẹ́, Aguégués, Sàkẹ́tẹ́ àti Pọbẹ̀ wà nínú agbo rẹ̀. Kétu kò sí níbẹ̀. Pọbẹ̀ ni wọ́n á ti ní láti kọ́ ibùdó kejì, kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn.